Ohun Tó Ń Mu Epo Ọkọ̀ Monínúọlá

“Àǹtí Monínú, ta ló ń mu epo yìí?”

Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóyè ló béèrè, kò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè. Ilé epo kan ní Fájuyì ni wọ́n yà sí nígbà tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, oòrùn ọ̀sán ń ta lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn wọn sì ń fọn fèrè. Monínúọlá ti na ọwọ́ láti ṣí ojú táńkì. Ọwọ́ náà dúró sínú afẹ́fẹ́.

“Ẹ ní kí ni?”

“Mo ní ta ló ń mu ún? Ọjọ́ Ajé la rọ epo kún táńkì yìí, ojú gbogbo wa ló ṣe. Òní ni Ọjọ́rú, abẹ́rẹ́ epo ti sùn sílẹ̀. Ṣebí tẹ́lẹ̀, epo ọjọ́ Ajé ló ń gbé wa dé ọjọ́ Ẹtì?”

Olùkọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ọkọ̀ náà. Adó ni wọ́n ń gbé, ilé ìwé girama kan lẹ́yìn Àrámọ̀kọ ni ìjọba sì gbé wọn lọ. Bí àwọn tíṣà Adó tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi ti ń ṣe ni àwọn náà ń ṣe: ẹni tó ní ọkọ̀ á mú ọkọ̀ wá, àwọn tí kò ní á dá owó epo. Monínúọlá ló ní ọkọ̀, tòkunbọ̀ kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Bámgbóyè máa ń jókòó níwájú nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Bùsáyọ̀, tó kéré jù nínú wọn, máa ń jókòó sẹ́yìn.

Monínúọlá fúnra rẹ̀ mọ̀ pé epo náà ń yára tán. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń rò ó. Ohun tí kò rò rárá ni pé ẹnìkan á wo ojú òun, á sì bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

“Epo tó bá wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ ló ń mu ún,” ó wí.

Bámgbóyè tún táì rẹ̀ ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ, bó bá sì fẹ́ sọ pé òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ ki ìkùukùu ná. “Ṣé ẹ rí i, Àǹtí, ìfọkàntán dà bí ẹyin. Ní tèmi, mi ò na ìka sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí ohun tí a jọ dá sílẹ̀ bá ń gbẹ bí odò inú ẹ̀ẹ̀rùn, ó tọ́ kí àgbàlá tí ohun náà ń sùn sí...”

“Ṣé olè lẹ fẹ́ pè mí?”

“Háà! Èmi ò lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ lò ó. Ó kúrú ju ẹyin àti odò lọ.”

Ọmọbìnrin tó di ọ̀pá epo mú rẹ́rìn-ín, ó sì yára gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Monínúọlá yí ọrùn padà.

“Bùsáyọ̀, ìwọ náà ńkọ́?”

Bùsáyọ̀ ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀. “Àǹtí, ẹ má bínú o. Èmi ò ní nǹkan kan láti sọ.”

“Ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ni.”

“Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn,” Bámgbóyè wí, ẹni tó ti fà á gùn. “A ti bá Ọláolúwa sọ̀rọ̀. Àyè wà nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó ń lọ Àrámọ̀kọ. Bí ọ̀rọ̀ epo yìí ò bá lójú kó tó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ibẹ̀ la ó máa wọ̀.”

Monínúọlá yíjú padà sí Bámgbóyè. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀! Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti jókòó síbì kan lẹ́yìn òun, wọ́n ti dá ẹjọ́ òun, wọ́n ti jẹ òun lẹ́bi, wọ́n sì tún ń wọ ọkọ̀ òun láràárọ̀, wọ́n ń kí òun pé ẹ káàárọ̀. Bí wọ́n bá sì kúrò, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni yóò dúró sílé. Àwọn olùkọ́ yòókù á béèrè ìdí, Bámgbóyè á sì ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú ẹyin. Ọ̀rọ̀ náà á rìn padà wá sí Adó kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, á sì bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Monínúọlá ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ta ló ń gbé àpò owó fún olè?

“Da díẹ̀ sí i,” ó sọ fún ọmọbìnrin náà, “èyí tó lè gbé wa dé ọ̀nà Ìyìn.” Ó wá kọjú sí àwọn méjì. “Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì là ń lọ, gbogbo wa, nísinsìnyí. Bó bá jẹ́ èmi ni mo mu ún, kí ó tú èmi náà wò.”

Ọkọ̀ náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ti ọlọ. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe láti ìgbà tí epo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yára tán. Tẹ́lẹ̀, bó bá kàn fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà epo báyìí, ọkọ̀ á fò. Nísinsìnyí, àfi kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá kó tó jí, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Monínúọlá kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Láti ìgbà tó ti ń ṣe tíṣà, kò tíì fọwọ́ sí ìwé àkókò lábẹ́ ìlà pupa rí, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Láàárọ̀, á wẹ̀ fún ìyá rẹ̀, á fi òróró pa orúnkún fún un, á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ìgbà tó bá fi máa gbé àwọn méjì yìí, ilẹ̀ ti mọ́ kọjá. Orí títì ló ti máa ń gba àkókò rẹ̀ padà. Láti Adó dé Ìyìn, láti Ìyìn dé Ìgèdè, òun ló ń fi ọkọ̀ ẹlòmíràn sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń fi òun sẹ́yìn.

Ó fi kẹ̀kẹ́ Màrúwà méjì sílẹ̀, ó gba àárín ọkọ̀ akẹ́rù kan àti ọ̀kadà kọjá bí ẹni kọjá láàárín àga. Lẹ́yìn, Bùsáyọ̀ gbé orin ẹ̀mí sókè, bó ti máa ń ṣe ní àlọ àti ní àbọ̀. Níwájú, Bámgbóyè ṣí ìwé ìròyìn, ó fi bo ojú. Ara Monínúọlá ta. Irú èèyàn wo nìyí? Wọ́n pe èèyàn lólè tán, ẹnìkan ń kọrin, ẹnìkan ń kàwé.

Akínwálé mẹkáníìkì wà lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ní etí títì, ó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Monínúọlá ò dúró kí i.

“Wálé, ọkọ̀ yìí ń mu epo. Àwọn wọ̀nyí ní èmi ni. Wò ó níṣojú wọn.”

“Ẹ kú ọ̀sán, Tíṣà. Epo wo lẹ ń mu, bẹntiróòlù àbí epo pupa?”

“Mi ò wá ṣeré.”

Wálé nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá, ó ti fi bàtà ta táyà iwájú, ó ti tẹ tẹ̀yìn náà wò. “Ìgbà wo lẹ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà yìí gbẹ̀yìn?”

“Ṣé ó jò ni?”

“Kò jò. Ó rọ̀ ni. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sáré nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ ó mọ ohun tí ojú ọkọ̀ yín ń rí.”

Monínúọlá wo táyà náà. Nígbà ọyẹ́ ló ti fẹ́ ẹ gbẹ̀yìn. Òjò ti dé, ó ti fẹ́ máa lọ. Bámgbóyè mi orí bí adájọ́.

Wálé yọ púlọ́ọ̀gì kan. Ó dú bí ìdí ìkòkò. “Ẹ wò ó. Epo ń wọlé, afẹ́fẹ́ ò wọlé tó o. Epo tí kò jó tán ló ṣe é báyìí.” Ó mú sípánà, ó tú ìdérí àpótí dúdú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ orí wo inú rẹ̀.

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Jésù!” Ó fò sẹ́yìn, ó gbá agolo gúgúrú rẹ̀ dànù. “Tíṣà, kí lẹ fi síbí? Ẹ má fi tèmi kún un o! Mo lọ́mọ nílé!”

Wọ́n súnmọ́ ọn. Nínú àpótí náà, lórí fíítà tó ń sẹ́ eruku, aṣọ funfun kan wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti ká a dáadáa, ó sì ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹni tẹ́ ibùsùn fún ọmọ tuntun. Òróró ti rin ín, eruku títì ti lẹ̀ mọ́ òróró náà, àárín rẹ̀ ti dú.

Ìgbà tí Monínúọlá máa gbójú sókè, Bámgbóyè ti wà ní òdìkejì gọ́tà.

“Àǹtí,” ó wí láti ibẹ̀, “kí lẹ ń fi wá ṣe?”

“Èmi?”

“Inú ọkọ̀ yín ló wà!”

“Mi ò rí i rí láyé mi.”

Oníwẹ́dà tó wà nítòsí ti pa iná rẹ̀, ó ti dé. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ tutù náà ti dé. Ẹnìkan ní kí wọ́n sun ún, ẹlòmíràn ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sun ún, pé iná gan-an ni irú rẹ̀ ń wá. Bùsáyọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn mú, ó bú sẹ́kún.

“Oyún wà nínú mi! Àǹtí, ẹ mọ bó ti pẹ́ tó tí a ti ń wá a. Oyún wà nínú mi, ẹ sì ń gbé mi kiri lórí nǹkan báyìí!”

Lọ́jọ́ mìíràn, ìròyìn ayọ̀ ni ì bá jẹ́. Lónìí, ńṣe ló dún bí ìgbájú. Ní Fájuyì, olè ni wọ́n pe Monínúọlá. Nígbà tó dé ọ̀nà Ìyìn, ó ti di ẹni tó ń fi èèyàn ṣètùtù.

Kò lè dúró wò ó mọ́. Ó na ọwọ́, ó gbé aṣọ náà. Gbogbo wọn ké. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, aṣọ ni. Ó tú u, òórùn rẹ̀ sì fẹ́ sí i nímú. Òróró ólífì tí wọ́n po tùràrí mọ́ ni, òórùn orúnkún tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ọwọ́ pa láràárọ̀. Etí aṣọ náà, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, ojú abẹ́rẹ́ kan gùn, ìkejì kúrú, bí ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ ti ń ránṣọ.

“Mo mọ ẹni tó ni ín,” ó wí.

“Ta ni?”

“Òkè-Ìlá ló wà. Ẹ wọlé, ká lọ.”

“Ká wọ ibo?” Bámgbóyè wí. “Ẹsẹ̀ mi ò tún wọ ibẹ̀ láyé. Kẹ̀kẹ́ la ó wọ̀ tẹ̀lé yín.”

Monínúọlá kọjú sí mẹkáníìkì, tó ṣì dúró lókèèrè. “Wálé, ṣé aṣọ yìí ló ń mu epo?”

“Ó wà níbẹ̀. Táyà náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n dí nímú, agbára rẹ̀ á dín, ẹni tó ń wà á á sì máa tẹ̀ ẹ́ sí i.” Wálé wo ilẹ̀. “Àmọ́, Tíṣà, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ kékeré bá ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń la afẹ́fẹ́ kọjá ni. Bó bá ń sáré bí tiyín, ó ń bá afẹ́fẹ́ jà ni, epo ló sì fi ń jà. Bí ẹ bá ti kọjá níbí láàárọ̀, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn aráabí máa ń sọ? ‘Ìjì Àrámọ̀kọ ti lọ.’ Ẹ ò gbọ́ rí?”

Kò gbọ́ rí. Ó wo oníwẹ́dà. Oníwẹ́dà gbójú sá.

Ìyá rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Òkè-Ìlá, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì Ìgbẹmọ. Obìnrin Àládùúrà ni, opó, tí ẹnu rẹ̀ ò tíì kúrò ní Èkìtì láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó gbójú sókè. Ó rí aṣọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó rí àwọn méjì tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

“O ti yọ ọ́,” ó wí.

Gbogbo ọ̀nà ni Monínúọlá ti fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìyá òun sẹ́. “Màámi! Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin?”

“Ṣé etí rẹ ti di ni? Mo ní kí ẹni tó ń bá ọ fọ ọkọ̀ fi ibi tí ọkọ̀ ti ń mí hàn mí. Mo gbàdúrà sórí aṣọ. Mo tẹ́ ẹ síbẹ̀.”

“Kí ni mo fi ṣe yín?”

Màmá gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀. “Ṣé o rántí ọjọ́ tí a lọ sìnkú ní Ìgèdè?”

“Mo rántí.”

“O rántí pé àga ọkọ̀ rẹ tutù, tí mo ní omi ló dà?”

“Ẹ ní ike omi yín ló jò.”

“Ike kankan ò sí lọ́wọ́ mi. Ìtọ̀ ni.”

Monínúọlá yí ojú sí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Ìyìn ni mo ti di ojú. Igi ń sá, ulé ń sá. Ọkọ̀ ńlá ń bọ̀ níwájú, ìwọ náà ń lọ pàdé rẹ̀, o sì ń bá mi sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tí wọ́n sè níbi ìsìnkú. Mo tọ̀ sára bí ọmọ ọwọ́, èmi ìyá rẹ.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Níbo? Nínú ọkọ̀?” Ojú Màmá là sílẹ̀, bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ èèwọ̀. “Kí n la ẹnu nínú ọkọ̀ tó ń lọ lórí títì, kí n dárúkọ jàǹbá? Kí n fi ẹnu tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ pè é wá? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Monínúọlá mọ òfin yẹn kó tó mọ ABD. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ẹ ó gbàdúrà. Bó bá gúnlẹ̀, ẹ ó dúpẹ́. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ní “eré yìí mà pọ̀” àti ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé, ojú kan náà ni àwọn èèyàn fi ń wò wọ́n.

“Nígbà tí a délé ńkọ́?”

“Nígbà tí a délé, a ti délé. Mo dúpẹ́.” Màmá fa aṣọ bo orúnkún. “Àti pé ìwọ lò ń wẹ̀ fún mi. Ìwọ lò ń bọ́ mi. Ẹnu wo ni n ó fi bá ẹni tó ń wẹ̀ fún mi wí? Mo bá gbé e lọ síbi tí agbára mi gbé e dé. Mo ní, Olúwa, gba eré lọ́wọ́ ọkọ̀ yìí. Ó sì gbà á! Ìwọ fúnra rẹ lo wọlé lọ́sẹ̀ náà, tí ò ń ráhùn pé ọkọ̀ ò sáré mọ́. Mo lọ dúpẹ́ níjọ. Mo jó, pẹ̀lú orúnkún yìí.”

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n Monínúọlá, ẹkún ló jáde. “Màámi, ńṣe ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sí i.”

“O ṣe kí ni?”

“Bí kò ṣe fẹ́ sáré mọ́, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i ni. Eré tẹ́lẹ̀ náà ni mo ń sá. Ó tiẹ̀ ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Màmá ká ọwọ́ lé orí.

Lẹ́nu ọ̀nà, Bámgbóyè wú ikọ́. “Ẹ kú ilé, Màmá. Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá, tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó ṣókùnkùn, tó sì...”

“Ó tó,” Monínúọlá wí, ó nu ojú. “Ẹ ti gbọ́. Mi ò mu epo, mi ò sì fi yín ṣètùtù. Ṣé ẹ ó wá sọ fún Ọláolúwa pé ẹ ò bọ̀ mọ́?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tọrọ àforíjì, kí Màmá fún wọn lómi mu, kí wọ́n máa lọ. Wọn ò lọ.

“Àǹtí,” Bùsáyọ̀ wí nígbẹ̀yìn, “orin tí mo máa ń kọ...”

“Orin wo?”

“Èyí tí mo máa ń kọ nínú ọkọ̀. Bí mo bá ń kọ ọ́, mi ò ní í gbọ́ bí táyà ṣe ń ké. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.”

Monínúọlá rọra yíjú sí Bámgbóyè. Ìwé ìròyìn náà ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó wò ó bí ẹni tí kò mọ bó ṣe débẹ̀.

“Ti oṣù tó kọjá ni,” ó wí. “Mi ò kà á rí.”

“Epo ńkọ́?”

Adìyẹ kan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣa ìrẹsì jẹ, kò sẹ́ni tó lé e.

“Epo la rí sọ,” Bùsáyọ̀ wí.

“Ẹ mọ̀ nígbà náà pé mi ò jalè.”

“Kì í ṣe pé a mọ̀ tàbí a ò mọ̀,” Bámgbóyè bẹ̀rẹ̀, “nítorí pé bí ènìyàn bá wo ọ̀ràn náà ní...” Ó tú táì rẹ̀, ó fi nu iwájú orí. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. “Ẹ̀rù yín ń bà wá, Àǹtí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Monínúọlá wá àpótí, ó jókòó. Ó ti ń múra sílẹ̀ láti ọ̀sán fún gbogbo ohun tí wọ́n lè sọ sí òun. Eléyìí ò sí nínú wọn.

“Ó rọ̀ yín lọ́rùn kí ẹ pè mí lólè,” ó wí, “ju kí ẹ ní kí n rọra lọ.”

Bámgbóyè wo bàtà rẹ̀. Màmá pàápàá tẹ orí ba. Òun náà ló rọ̀ lọ́rùn láti yọ́ lọ síbi ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

“Lọ́jọ́ Ajé ńkọ́?” Monínúọlá bi wọ́n.

“Mi ò tíì mọ̀, Àǹtí,” Bùsáyọ̀ wí. “Nítorí èyí.” Ó fi ọwọ́ kan ikùn.

“Mo gbọ́. O kú oríire.” Ó pẹ́ kó tó jáde, àmọ́ ó jáde. “Àwọn ọ̀rẹ́ mi, ẹ máa lọ sílé.”

Wọ́n lọ. Monínúọlá ò kúrò lórí àpótí. Ó ń ro gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò: ọ̀kan ń kọrin kó má baà gbọ́, ọ̀kan fi ìwé bojú kó má baà rí, òun sì ń yangàn pé òun kì í pẹ́. Òun nìkan ló la ojú nínú ọkọ̀ náà, òun nìkan ni kò sì rí nǹkan kan. Ọmọ tí wọn ò tíì bí pàápàá ti wà níbẹ̀.

Ó dìde. “Màámi, ẹ dìde.”

“Ká lọ síbo?”

“Ìgèdè.”

“Kí la fẹ́ ṣe ní Ìgèdè lásìkò yìí?”

“A ò fẹ́ ṣe nǹkan kan. A ó lọ, a ó bọ̀. Ẹ ó máa bá mi sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀rọ̀ wo?”

“Èyí tí ẹ ò lè sọ lọ́jọ́sí.”

“Nínú ọkọ̀? Mi ò ṣe.”

“Ẹ ó ṣe é, Màámi. Bí ẹ̀yin tí ẹ bí mi ò bá lè sọ ọ́, ta ni ó sọ ọ́? Ọjọ́ tí mo bá pa Bùsáyọ̀ àti ọmọ inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yìn yín pé ẹ ò dárúkọ jàǹbá.”

Màmá wò ó. Ó wá na ọwọ́ pé kí ó fa òun dìde.

Wọ́n kọ́kọ́ dúró kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Nígbà tí wọ́n jáde sí títì Ìyìn, ọkọ̀ náà ti fúyẹ́ bíi ti ìgbà tí ó kọ́kọ́ rà á. Imú rẹ̀ ti là, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le. Ó kàn fi ẹsẹ̀ kan epo ni, ọkọ̀ ti fò. Inú Monínúọlá dùn kó tó rántí pé kò yẹ kó dùn.

Màmá di ilẹ̀kùn mú. Ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọjá lára ọgbà pákí, wọ́n kọjá lára àwọn tó ń ta bọ̀ọ̀lì. Títì náà là gbọọrọ níwájú, ó mọ́, ẹsẹ̀ Monínúọlá sì ti bẹ̀rẹ̀ àṣà rẹ̀. Ó rí abẹ́rẹ́ eré tó ń gòkè. Ó wo ẹ̀gbẹ́: ìyá rẹ̀ ti di ojú kan, ìkejì ti ń tẹ̀lé e.

“Màámi, ẹ sọ ọ́.”

Màmá mi orí.

“Ẹ jọ̀ọ́.”

Ètè náà dákẹ́ àdúrà.

“Monínú.”

“Mà.”

“Ó pọ̀.”

Monínúọlá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ariwo tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rọlẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó pákó dé lẹ́yìn wọn, ó fọn fèrè gbọọrọ, ó yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì yọ orí síta. “Ìyá àgbà, ẹ lọ ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́!” Ojú Monínúọlá gbóná. Lójú títì yìí, kò sí ẹni tó sọ irú rẹ̀ sí i rí.

“Ṣé ó ti dára báyìí?” ó béèrè.

Màmá la ojú kejì. Ó wo títì, ó wo àwọn igi, ó wo ilé kan tó dúró jẹ́jẹ́ sí etí ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n sá síta. Ó sinmi ẹ̀yìn.

“Rárá o,” ó wí. “Tún dín in kù.”

Ó dín in kù.